Eyín Tí Wọ́n Fi Ń Wọn Àgbàdo

Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, ọkùnrin kan wà tí gbogbo àgbẹ̀ ń pè ní Eléyín. Eyín rẹ̀ kò pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, kì í sì í ṣe ẹni tó ń rẹ́rìn-ín kiri. Iṣẹ́ ni eyín náà ń ṣe. Bí ìkórè bá ti parí, tí wọ́n ti yin àgbàdo tán, tó kù kí wọ́n dà á sínú àká, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Wọ́n á fi aṣọ di ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á gun kẹ̀kẹ́ tàbí alùpùpù, wọ́n á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Òun á mú hóró kan, á jù ú sẹ́nu, á gé e, á tu ú dànù. Á mú èkejì, á mú ìkẹta. Lẹ́yìn náà á sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ méjì: "Ẹ kó o wọlé," tàbí "Ó ku ọjọ́ mẹ́rin."

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré. Àgbàdo tó gbẹ dáadáa lè wà nínú àká fún ọdún kan gbáko kí nǹkan kan má ṣe é. Èyí tí omi ṣì wà nínú rẹ̀ kò nílò iná kó tó gbóná. Bó bá ti kóra jọ lókùnkùn báyìí, ooru á bẹ̀rẹ̀ láti àárín, àgbàdo náà á bu, á máa rùn, á sì di ohun tí adìẹ pàápàá kò gbọdọ̀ fẹnu kàn.

Wọ́n ní Eléyín kò ṣìṣe rí láàárín ọdún méjìdínlógójì. Ìyàwó rẹ̀ ní ó ṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì, òun sì lè sọ ọdún tó jẹ́ àti ẹ̀wù tó wọ̀ lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀, nítorí náà kálukú ló ń mú èyí tó bá wù ú gbọ́. Ohun tó dájú ni pé wọ́n ń ta ẹ̀rọ kékeré kan tó ń wo omi inú hóró ní ṣọ́ọ̀bù irúgbìn tó wà nílùú, kò sì sí àgbẹ̀ kan lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà tó rà á. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi ṣe nígbà tí Eléyín wà láàyè.

Kì í ṣe inú ọrọ̀ ni wọ́n bí i sí. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, tó fi éékà méjìlá sílẹ̀ fún un. Mẹ́ta péré ló ṣeé gbin nǹkan sí. Ìyókù, omi ló jókòó lé e lórí. Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú débi pé bí òjò bá rọ̀, omi kì í mọ ọ̀nà tó máa gbà; á kàn dúró síbẹ̀ títí oòrùn á fi lá a gbẹ. Àwọn ẹbí ní kó ta ilẹ̀ náà, kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ó ní òun ti gbọ́. Ó mú ṣọ́bìrì bàbá rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ kòtò.

Kò ní ohun èlò àwọn awọnlẹ̀. Àwo pẹrẹsẹ kan ló ń gbé kiri. Á gbé e kalẹ̀, á bu omi sí i, á dọ̀bálẹ̀ pẹlẹbẹ, á wo ibi tí omi náà bá gbé fì sí, ibẹ̀ ló máa gbẹ́ gbà. Ẹ̀ẹ̀rùn méjì gbáko ló fi gbẹ́ kòtò náà, ó sì gùn tó ẹgbẹ̀rin ìṣísẹ̀. Nígbà tó dé nǹkan bí ìdajì, ó rí i pé ó ti pẹ́ tí òun ti ń gbẹ́ ẹ sí ìhà tí omi kò fẹ́ lọ. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó padà sẹ́yìn, ó tún un gbẹ́. Ìgbà tó di gbajúmọ̀ tán ló tó ń fi sọ ìtàn, á sì máa sọ ọ́ bí ẹni pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ṣùgbọ́n omi náà lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, éékà mẹ́sàn-án tí wọ́n ní kó tà hu àgbàdo tó ga ju orí ẹni lọ.

Obìnrin tó fẹ́ wá láti ilẹ̀ olókè. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, ó dúró sẹ́yìnkùlé, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wo iwájú.

"Kí lò ń wá?" ọkọ rẹ̀ bi í.

"Ibi tí mo máa gbà lọ tí mo bá bínú kúrò nílé. Níbí yìí, ẹ óò ṣì máa rí mi fún ọjọ́ mẹ́ta."

Kò bínú kúrò nílé. Àwọn méjèèjì jọ sọ éékà méjìlá di ogójì, díẹ̀díẹ̀, bí àwọn tó wà nítòsí bá ti ń kó lọ sílùú. Wọ́n ra katakata kan tó jẹ́ pé ẹni tó tà á fún wọn rẹ́rìn-ín nígbà tó ń gbowó. Wọ́n tún un ṣe, ó bàjẹ́, wọ́n tún un ṣe. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí. Méjì wà nílùú, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì, wọ́n sì máa ń béèrè lórí fóònù bóyá òjò ti rọ̀, bí ẹni pé àwọn ló fẹ́ lọ gbìn ín. Àkọ́bí, tó jẹ́ obìnrin, kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ títúnṣe fún ọdún méjì, ó padà wálé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, ó sì tú katakata náà palẹ̀ ní ọjọ́ kejì tó dé. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ọ̀hún kò ti dákú mọ́.

Yàrá ìdáná ni gbogbo ọ̀rọ̀ ilé náà ti ń wáyé. Tábìlì gígùn kan wà níbẹ̀, igi rẹ̀ ti là níbi tí Àkọ́bí ti fi òòlù lu irin lé e lórí. Bàtà róbà máa ń tò sẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ẹrẹ̀ ara wọn á sì sọ ibi tí oníkálukú ti ń bọ̀: dúdú ni ti ìhà kòtò, pupa ni ti ẹ̀gbẹ́ títì. Eléyín fẹ́ràn láti jókòó sórí àga tó kọjú sí fèrèsé, nítorí láti ibẹ̀ ó ń rí àká onípáànù rẹ̀ àti, lókèèrè, ilé aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bíríkìlà.

Nígbà tó pé ọmọ ọgọ́ta ọdún, eyín bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó fi apá òsì jẹun fún oṣù mẹ́ta. Ó yí i sí apá ọ̀tún. Nígbà tó yá kò sí apá tó kù mọ́. Ó sọ fún àwọn ará ilé pé òun ń lọ ra bẹ́líìtì ẹ̀rọ ìyingbàdo nílùú, ó sì gba ọ̀dọ̀ dókítà eyín lọ.

Dókítà náà kéré sí Àkọ́bí lọ́jọ́ orí. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ó pa á, ó tún tàn án.

"Bàbá, kí lẹ máa ń jẹ?"

"Ohun tí gbogbo ayé ń jẹ."

"Eyín ẹ̀yìn yín ti là sí wẹ́wẹ́. Kò sí ọ̀kan tó dá ṣáká níbẹ̀. Ṣé òkúta lẹ máa ń gé ni?"

"Àgbàdo gbígbẹ."

"Ẹ máa ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀ láìsè?"

"Mi ò jẹ ẹ́. Mo kàn máa ń gé e ni. Tí mo bá gé e tán, mo máa ń tu ú dànù."

Dókítà náà wò ó bí ẹni pé ó fẹ́ béèrè nǹkan mìíràn, ó sì jọ pé ó yí ọkàn padà. "Láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó bí ẹ."

Ó yọ mẹ́fà. Nígbà tí ojú ọgbẹ́ jinná, ó ṣe eyín àtọwọ́dá fún un, èyí tó ń wọ̀ tó sì ń yọ. Ìrìn mẹ́ta ni Eléyín rìn lórí ọ̀rọ̀ náà, bẹ́líìtì mẹ́ta ló sì gbé wálé, nítorí kò mọ irọ́ mìíràn pa.

"Bàbá," Àkọ́bí sọ nígbà tó rí ẹ̀kẹta, "ẹ̀rọ kan la ní, bẹ́líìtì kan ló sì ń lò."

"Ọjọ́ tó bá já, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi."

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kì í ṣe pé ojú ń tì í, ohun tó ń sọ fún ara rẹ̀ nìyẹn. Ó kàn rí i pé kò sí ìdí tó fi yẹ kó pariwo rẹ̀. Ó fi eyín tuntun náà gé ẹ̀pà, ó gé egungun adìẹ, ó gé ìṣó onígi kan tó wà lára àga. Gbogbo rẹ̀ ló gé. Tó bá jẹ́ òtítọ́ ni kéèyàn sọ, eyín yìí le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí ọkùnrin náà ṣe rò ó nìyẹn, kò sì rò ó kọjá ibẹ̀.

Ọdún yẹn, àgbàdo ṣe dáadáa. Wọ́n kórè tirẹ̀ ní ọjọ́ mọ́kànlá, wọ́n yin ín, wọ́n sá a. Ó gé hóró mẹ́ta. Ohùn tó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fọ́ mọ́ gaara, bí àgbàdo gbígbẹ ṣe máa ń dún. Ó ní kí wọ́n kó o wọlé, Àkọ́bí sì fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ sínú àká títí tó fi kún dé ọrùn.

Lọ́jọ́ kejì ni Bíríkìlà dé, ẹnì kan ṣoṣo tó tètè kórè bíi tirẹ̀ lọ́dún yẹn. Ọkùnrin yìí ti fi ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mọlé nílùú kó tó wá ra ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Eléyín, ó sì ní àká oníbíríkì kan ṣoṣo tó wà lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà, tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Gbogbo àgbàdo tó ní láyé ló fẹ́ kó sínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi gé e kí n lọ sinmi."

Eléyín gé ọ̀kan. Ó gé èkejì. "Kó o wọlé."

"Ẹ ò gé ìkẹta?"

"Ṣé o fẹ́ kí n jẹ gbogbo rẹ̀ tán ni?"

"Mo kàn béèrè ni. Lọ́dún tó kọjá, orí ìkẹta lẹ ti ní kí n lọ tún un sá."

"Lọ́dún tó kọjá, àgbàdo ẹ dà bí ògiri tó o máa ń mọ. Ìta rẹ̀ gbẹ, inú rẹ̀ ń ṣomi."

Bíríkìlà rẹ́rìn-ín títí ó fi dé orí alùpùpù rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Eléyín rí eruku tó ń jáde lẹ́nu àká oníbíríkì náà láti orí àga rẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn bí inú ẹni tó ti parí iṣẹ́ fún ara rẹ̀ àti fún ará àdúgbò.

Ní ọjọ́ kẹfà, ó ń jẹun àárọ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ gbé ìgò méjì wá, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀. Àgbàdo àti iyọ̀ wà nínú ọ̀kan. Iyọ̀ nìkan ló wà nínú èkejì.

"Kí nìyí?"

"Mo lọ bu oúnjẹ adìẹ lẹ́nu ihò ìsàlẹ̀ àká. Ọwọ́ mi gbóná, Bàbá."

"Oòrùn ló ń pa páànù."

"Oòrùn kò tíì yọ nígbà tí mo lọ." Ó mú ìgò tó ní àgbàdo nínú, ó mì í. Iyọ̀ náà lẹ̀ mọ́ ara ìgò yíká, ó funfun bí ojú fèrèsé tí wọ́n fi ọṣẹ nù. "Ohun tí màmá mi máa ń ṣe nílé wa nìyí, níbi tí kùrukùru kì í jẹ́ kéèyàn gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Tí àgbàdo bá gbẹ, iyọ̀ á máa yí nínú ìgò. Tí omi bá wà nínú rẹ̀, iyọ̀ á fà á, á lẹ̀."

"Iyọ̀ tìẹ ló rin."

Ó mú ìgò kejì, èyí tí kò ní àgbàdo nínú, ó mì í. Iyọ̀ náà ń sáré lọ sáré bọ̀ bí iyanrìn.

"Mo mọ̀ pé ohun tí ẹ máa wí nìyẹn," ó ní.

Eléyín fi oúnjẹ sílẹ̀. Ó mú ọ̀pá irin gígùn kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gun àkàsọ̀ àká, ó ṣí ìdérí, ó sì ti ọ̀pá náà bọ inú àgbàdo títí ó fi kù díẹ̀ kó mu ọwọ́ rẹ̀. Ó dúró. Nígbà tó fà á jáde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ fà á láti orí dé ìdí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tutù. Àárín rẹ̀ gbóná bí ara ife tíì. Òórùn kan tẹ̀ lé e jáde, ó dùn díẹ̀, ó sì kan díẹ̀, irú èyí tí àgbẹ̀ kì í fẹ́ gbọ́ nínú àká rẹ̀.

Ó na ọwọ́ wọlé, ó bu hóró díẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó gé ọ̀kan. Kó. Ohùn náà mọ́ gaara gẹ́gẹ́ bíi ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Fún ìṣẹ́jú kan ó rò pé ọ̀pá ló ń purọ́. Lẹ́yìn náà, níbẹ̀ lórí àkàsọ̀, ó yọ eyín tuntun náà kúrò lẹ́nu, ó kó o sápò ẹ̀wù, ó sì gbé hóró mìíràn sáàárín eyín iwájú tó kù fún un. Ó gé e díẹ̀díẹ̀. Hóró náà kò fọ́. Ó tẹ̀.

Ìgbà náà ló tó yé e. Ohùn eyín ló ti ń gbọ́, kì í ṣe ohùn àgbàdo. Eyín tí wọ́n bí mọ́ ọn ní gbòǹgbò. Bí hóró bá tẹ̀ kó tó fọ́, gbòǹgbò yẹn ló ń sọ fún un. Èyí tí wọ́n rọ fún un kàn jókòó lórí erìgì bí fìlà lórí orí. Ohun tó le àti ohun tó rọ̀, kó ni gbogbo rẹ̀ ń dún.

Ó sọ̀kalẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dúró nísàlẹ̀ àkàsọ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ, ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì sọ fún ẹ."

"Ti eyín? Mo ti rí i nínú ife lórí fèrèsé balùwẹ̀ láti oṣù kẹfà."

"O ò sì sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ni ẹnu. Mo ń retí kí ẹ ṣí i." Ó wo ìhà ilé oníbíríkì tó wà lókèèrè. "Tiwa nìyí, a ti rí i. Ta ló máa sọ fún Bíríkìlà?"

Ọ̀nà mìíràn wà tó lè gbà. Ó rò ó bó ti ń rìn lọ láàárín oko tí wọ́n ti kórè, tí pòròpórò ń ṣẹ́ lábẹ́ bàtà rẹ̀. Ó lè sọ pé kòkòrò ló wọ àká òun, kí Bíríkìlà yẹ tirẹ̀ wò. Ọkùnrin náà á ṣí i, á rí ooru, á dá bíríkì rẹ̀ lẹ́bi. Àgbàdo á yè, orúkọ á yè. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó ló tún máa gbé àgbàdo wá kí ìkórè tó tán, kí ló sì fẹ́ sọ fún wọn? Nígbà tó fi dé ẹnu ọ̀nà, ó ti fi èrò yẹn sílẹ̀ sínú pòròpórò.

Bíríkìlà ń lu táyà báró. Eléyín kò kí i tán kó tó kó eyín náà jáde, ó sì tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́.

"Ìwọ̀nyí ló gé àgbàdo ẹ."

Bíríkìlà wo eyín náà, ó wo ẹnu Eléyín tó ti rọ̀ sínú. "Láti ìgbà wo?"

"Oṣù kẹfà. Wọn ò mọ tútù yàtọ̀ sí gbígbẹ. Tiwa ti ń gbóná. Lọ ki ọwọ́ bọ tìẹ."

"Ẹ̀gbọ́n, gbogbo ọdún mi ló wà nínú ilé yẹn."

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi wá nìyẹn."

Ọkùnrin náà ju òòlù sílẹ̀, ó wọ inú àká. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Apá rẹ̀ funfun fún eruku dé èjìká, ojú rẹ̀ kò sì ní ẹ̀rín rárá.

"Ó ń gbóná. Kò tíì rùn."

"A jẹ́ pé a lè gbà á là. Ṣùgbọ́n mi ò ní ilẹ̀ tó tó láti sá gbogbo rẹ̀. Ìwọ lo ní àgbàlá oníṣìmẹ́ǹtì."

Bíríkìlà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Ẹ fẹ́ ba àgbàdo mi jẹ́, ẹ tún fẹ́ fi àgbàlá mi sá tiyín."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ó dáa." Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú òòlù rẹ̀ nílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kó eyín yẹn sẹ́nu. Mi ò lè máa bá yín jà tí ojú yín bá rí báyìí."

Kó tó di ọ̀sán, Àkọ́bí ti gba àkóso. Ó wa tírélà sí abẹ́ ihò àká, ó jẹ́ kí àgbàdo náà máa ṣàn bọ́ sínú rẹ̀, ó ń gbé e lọ sí àgbàlá Bíríkìlà, ó ń padà. Àgbàdo àwọn ilé méjèèjì wà níbẹ̀, okùn kan ló pín wọn níyà. Wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́, kò nípọn ju ìka méjì lọ, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n sì ń wọ́ ẹsẹ̀ la inú rẹ̀ kọjá ní ìlà ní ìlà, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè rí oòrùn. Bí wọ́n bá dé òpin, wọ́n á yípo. Ẹsẹ̀ Bíríkìlà tóbi, poro tí ó ń là gbòòrò ju ti gbogbo wọn lọ, ó sì ń fi yangàn.

Èyí tó wà ní ìdí àká Eléyín ti bu. Ó tó àpò mẹ́sàn-án. Ó wò ó, ó bu díẹ̀ sọ́wọ́, ó ní bóyá wọ́n lè fọ̀ ọ́ fún adìẹ.

"Bàbá, rárá," Àkọ́bí ní. "Májèlé nìyẹn."

Kò jà. Ó gbẹ́ ihò fúnra rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, ó rì í mọ́lẹ̀, nítorí òun ló ni ẹ̀bi rẹ̀, kò sì fẹ́ kí ẹlòmíràn gbé ṣọ́bìrì fún un.

Ìyàwó rẹ̀ gbé tábìlì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ àgbàlá, ó to ìgò sórí rẹ̀, ti àwọn lápá kan, ti Bíríkìlà lápá kejì. Àárọ̀, ọ̀sán, ìrọ̀lẹ́, á mì wọ́n. Ọjọ́ kìíní, iyọ̀ lẹ̀. Ọjọ́ kejì, ó lẹ̀ díẹ̀. Ọjọ́ kẹta, kó tó di aago mẹ́ta ọ̀sán, ìwọ̀ oòrùn dúdú.

Lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀, èèyàn máa ń rí òjò kó tó dé. Àkókò rẹ̀ kọ́ nìyí, ṣùgbọ́n ó ń bọ̀, ó gba gbogbo ìsàlẹ̀ ọ̀run bí aṣọ tí wọ́n ń fà. Bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì. Àkọ́bí ti gun orí katakata.

"Ẹ jẹ́ ká kó o wọlé," Bíríkìlà ní. "Ó ti gbẹ. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún lábẹ́ ẹsẹ̀."

Ìyàwó Eléyín gbé ìgò kan sókè sí ìmọ́lẹ̀. Ó yí i. Iyọ̀ ń yí, àmọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò. "Ó ku ọjọ́ kan."

"Màmá, òjò ń bọ̀," Àkọ́bí ní.

"Mo rí i. Ojú mi kò fọ́."

"Tó bá rin nìta níbí, gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yìí ti wọmi nìyẹn," Bíríkìlà ní, ó sì yíjú sí Eléyín, gẹ́gẹ́ bó ti máa ń yíjú sí i láti ọdún mẹ́wàá. Àkọ́bí náà yíjú sí i. Kò sẹ́ni tó gbèrò rẹ̀. Ara wọn ló ti mọ́ ọn.

Eléyín bu àgbàdo sọ́wọ́. Ó wúwo níwọ̀nba, ó ń dán, ó dára lójú. Ká ní ọdún tó kọjá ni, ó ti gé e, ó ti sọ̀rọ̀, wọ́n ti ń kó o. Ohùn rẹ̀ ti wà lọ́nà ọ̀fun báyìí, gbogbo ara rẹ̀ ló sì ń sọ pé ó ti gbẹ. Ó rántí pé gbogbo ara rẹ̀ náà ló sọ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ mẹ́sàn-án sẹ́yìn. Ó da àgbàdo náà sílẹ̀.

"Ẹ ti gbọ́ ohun tó wí," ó ní. "Ó ku ọjọ́ kan. Ẹ kó o jọ ní òkìtì, ẹ bò ó."

"Ẹ̀gbọ́n—"

"Bíríkìlà, èmi ni mo kọ́kọ́ kó ẹ sínú wàhálà yìí. Mi ò ní kó ẹ sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bíríkì mélòó lo ní?"

"Mi ò kà á."

"Kó gbogbo rẹ̀ wá."

Wọ́n fi réèkì àti pákó wọ́ àgbàdo náà jọ sí òkìtì gígùn mẹ́rin ní àárín àgbàlá, níbi tí ṣìmẹ́ǹtì ti ga díẹ̀. Wọ́n fa tapólì bò wọ́n, wọ́n ká etí rẹ̀ sábẹ́, wọ́n to bíríkì lé e ní ìlà méjì. Bí Bíríkìlà bá ti gbé ọ̀kan kalẹ̀, á tẹ̀ ẹ́, á wo bóyá ó gún, bí ẹni tí wọ́n fẹ́ wá yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Ẹ̀kán òjò àkọ́kọ́ já lé wọn lórí nígbà tí wọ́n ń to ìlà tó gbẹ̀yìn.

Wọ́n dúró sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òjò náà rọ̀ bí ẹni pé ó ní ibòmíràn tó ń lọ. Omi bọ́ sára tapólì, ó yọ̀ sílẹ̀, ó ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ bíríkì kọjá. Eléyín kò gbé ojú kúrò lára òkìtì kẹta, níbi tí tapólì ti ní àlẹ̀mọ́. Bíríkìlà nawọ́ sí omi náà, ó ní, "Ṣé ẹ rí i pé àgbàlá mi kò dá omi dúró? Ẹ̀yin tí ẹ ń bú ògiri mi."

"Mi ò bú àgbàlá ẹ rí," Eléyín ní. "Ògiri ni mo bú."

Kò tó wákàtí kan, ó dá. Wọ́n gbé etí tapólì sókè níbi mẹ́rin, Eléyín sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá ìdí òkìtì kọ̀ọ̀kan. Nínú òkìtì kẹta, nǹkan bí igbá kan rin. Wọ́n kó ìyẹn sọ́tọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ kan-kan. Wọ́n tún un tẹ́, wọ́n tún bọ́ bàtà. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ìyàwó Eléyín mi ìgò tilé rẹ̀, ó mi ti Bíríkìlà, ó sì kọ́kọ́ gbé e fún ọkọ rẹ̀ wò kó tó sọ̀rọ̀. Iyọ̀ náà ń sáré nínú àwọn méjèèjì, kò dúró síbì kan.

"Ó ti gbẹ," ó ní.

Bíríkìlà tú èémí jáde. Ó ti sọ ìtàn eyín náà fún ilé mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn, nínú èyí tó sọ gbẹ̀yìn, eyín náà ti jábọ́ sínú àká, wọ́n sì ń wá a kiri. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnì kan á tún gbé àgbàdo wá lọ́dún tó ń bọ̀.

"Wọ́n á gbé e wá," Eléyín ní. "Kí wọ́n gbé iyọ̀ tiwọn dání. Ìyá àwọn ọmọ ló máa dá wọn lóhùn."

"Kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé mi ò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà," ìyàwó rẹ̀ sọ láti ẹ̀gbẹ́ tábìlì. "Inú ilé ni wọ́n ti máa bá mi, kí wọ́n sì nu ẹsẹ̀ wọn."

Wọ́n tún un wọ́ jọ, Àkọ́bí ti ẹ̀yìn tírélà sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkìtì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o. Tírélà kejì ń kún lọ nígbà tí Eléyín rìn jáde sí etí ilẹ̀ tó fẹ́ gbin ẹ̀wà sí. Ó tẹ gìgísẹ̀ mọ́ ilẹ̀. Ilẹ̀ tó le bí àpáta ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá ti rọ̀, òjò tí kò sẹ́ni tó pè é ti wọ inú rẹ̀ jìn tó àtẹ́lẹwọ́ kan, kò sì ní rọ̀ bẹ́ẹ̀ ju ọ̀túnla lọ. Ó padà wá bá Àkọ́bí.

"Tó o bá ti kó ìyókù dé, tú tírélà yẹn sílẹ̀, kó o so irin ìtúlẹ̀ mọ́ katakata."

"Nísinsìnyí, Bàbá?"

"Ọ̀la, bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́. Èmi ni mo máa wà á."